Ẹni Kọkànlá: Àgbàlagbà Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Kírikẹ́ẹ̀tì

Àìpé èèyàn ló sábà máa ń fa àgbàlagbà wọ inú kírikẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ẹnì kan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín: èèyàn mẹ́wàá làwọn ní fún ọ̀la, ó ku ẹnì kan, ṣé ẹ ò ní lè bá àwọn dí àyè? Ẹ ó ní ẹ ò mọ eré náà rí. Á ní kò séwu, kẹ́ ẹ ṣáà máa bọ̀, kẹ́ ẹ wọ ṣòkòtò funfun.

Bó ṣe bá èmi náà nìyẹn, lọ́dún kejì tí mo dé ìlú yìí, nígbà tí mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kírikẹ́ẹ̀tì kò ju pé orúkọ yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìrẹ̀. Mo lọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, mo kó bá ẹni tí a jọ ń sáré títí tí wọ́n fi lé e jáde, mo sì so pádì ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún pè mí. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé tíìmù tó ń wá ẹni kọkànlá ò retí akọni. Wọ́n fẹ́ ẹni tó máa wá lásìkò, tó máa dúró síbi tí wọ́n bá ní kó dúró sí, tí ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lára bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe máa kọ orí yìí nìyẹn: ohun tó máa sọ yín di ẹni kọkànlá tó wúlò ni màá kọ́kọ́ sọ, ohun tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n á tẹ̀ lé e.

Eré náà fúnra rẹ̀

Ẹgbẹ́ méjì ni, èèyàn mọ́kànlá mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ kan á máa lu bọ́ọ̀lù, ìkejì á máa jù ú, á sì máa ṣọ́ pápá. Tó bá yá, wọ́n á pààrọ̀. Láàárín pápá, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 20. Òpó igi mẹ́ta dúró ní orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀, igi kéékèèké méjì sì sùn lé wọn lórí. Ajubọ́ọ̀lù fẹ́ wó òpó, alubọ́ọ̀lù fi bàátì dáàbò bò ó. Tó bá lu bọ́ọ̀lù jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lórí kejì á sáré pààrọ̀ àyè. Ìpààrọ̀ kan, ayò kan. Bọ́ọ̀lù tó bá yí dé okùn etí pápá jẹ́ ayò 4, èyí tó bá fò kọjá okùn láì kanlẹ̀ jẹ́ 6. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní ófà kan. Tí ófà kan bá parí, ẹlòmíì á gba bọ́ọ̀lù, á máa jù láti orí kejì.

Alubọ́ọ̀lù lè jáde tí bọ́ọ̀lù bá wó òpó rẹ̀, tí ẹnì kan bá hán ohun tó lù kó tó kanlẹ̀, tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó òpó nígbà tó ṣì ń sáré, tàbí tó bá fi ẹsẹ̀ dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó òpó. Àwọn ọ̀nà míì wà. Wọn ò tíì kàn yín. Tí ẹni mẹ́wàá bá ti jáde, tàbí tí iye ófà tí wọ́n fẹnu kò sí bá pé, ó parí fún ẹgbẹ́ náà.

Ẹ̀yà tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n nísinsìnyí, ófà 20 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń gba bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n ti Sátidé. Ófà 40 ni ọ̀pọ̀ tíìmù kékeré ń gbá. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, ó lè di aago méje alẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Pápá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kejì bá gbá ófà 40 tán, bọ́ọ̀lù 240 ni wọ́n jù nígbà tí ẹ̀yin wà lórí pápá, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè wá bá yín. Tó bá kan yín láti lù, nọ́ńbà kọkànlá lẹ wà. Bóyá lẹ máa rí bọ́ọ̀lù márùn-ún. Àmọ́ tí ẹ bá béèrè ohun tí ẹni tuntun lọ fi ṣe ìdánrawò, á ní bàátì lòun lọ mì. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín ju bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, kẹ́ ẹ máa hán an, kẹ́ ẹ máa dá a padà. Ọjọ́ Sátidé ẹ ó rí èrè rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà le. Awọ ni wọ́n fi bò ó, ìwúwo rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 156 sí 163 (ti àwọn obìnrin fúyẹ́ díẹ̀), ó sì ń dun ni bí òkúta. Ẹni tó bá bẹ̀rù rẹ̀ á na ìka ṣóńṣó sí i bí ẹni tó fẹ́ tì í padà, ibẹ̀ gan-an ni ìka ti ń ṣẹ́. Bí ẹ ó ṣe gba ẹyin adìyẹ tí ẹnì kan jù sí yín láti òdìkejì yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe gbà á: ọwọ́ méjèèjì pọ̀, àtẹ́lẹwọ́ là bí igbá, bí bọ́ọ̀lù bá sì ti kan ọwọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọwọ́ bá a padà sẹ́yìn díẹ̀ sí àyà. Tó bá wá láti òkè, ìka kọjú sókè. Tó bá lọ sílẹ̀ ju ìbàdí lọ, ìka kọjú sílẹ̀. Ní àárín méjèèjì, ẹ yáa sún ẹsẹ̀ kó lè bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń yí nílẹ̀ ni, ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ náà dábùú ọ̀nà rẹ̀, kí ọwọ́ wà níwájú. Tí ọwọ́ bá tàsé, ẹsẹ̀ á dá a dúró. Kò lẹ́wà lójú, àmọ́ kò ní gba àárín ẹsẹ̀ yín kọjá bó ṣe gba tèmi.

Àtisọ ọ́ padà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò láìmọ̀. Ọwọ́ tó ń sọ òkò lu èso lórí ẹ̀ka, tó tún ń sá fún onílé, kò gbàgbé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó dúró lẹ́yìn òpó tó wọ ìbọ̀wọ́ ńlá ni kẹ́ ẹ fojú sùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: apá ẹni ogójì ọdún yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ sọ mẹ́wàá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀kan pẹ̀lú agbára. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi rọ́ọ̀bù pa èjìká, tí ìyàwó mi sì ń béèrè ta ló rán mi níṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún ẹni tuntun. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti ń sáré bọ̀, gbogbo ẹni tó wà lórí pápá máa ń rìn díẹ̀ wọlé, ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ wọn má bàa sùn. Tí ẹ bá dúró gbagidi bí òpó iná, kẹ́ ẹ tó gbéra, bọ́ọ̀lù á ti lọ.

Orúkọ àwọn àyè orí pápá á kọ́kọ́ dà bí ẹnà: slip, gully, point, cover, fine leg, third man. Ẹ má há a sórí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé pápá pín sí méjì níwájú alubọ́ọ̀lù: ìhà tí bàátì rẹ̀ wà ni wọ́n ń pè ní off, ìhà tó kọ ẹ̀yìn sí ni leg. Èyí tó kù, balógun tíìmù yín á nawọ́ síbẹ̀, ẹ lọ dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan tó ní silly nínú, bíi silly point, ìtòsí alubọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn, wọn kì í sì í fi àlejò síbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fi yín síbẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọ̀.

Ẹ ó já bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó dájú. Bọ́ọ̀lù á lọ sókè, gbogbo pápá á dákẹ́, ẹ ó rí i tó ń bọ̀, á kan ọwọ́, á bọ́. Nígbà náà, ọwọ́ tó ń lọ sórí láti di orí mú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró, nítorí àwọn méjì yẹn ṣì ń sáré, ayò ṣì ń wọlé. Ẹ gbé e, ẹ sọ ọ́ padà. Ìtìjú ṣeé gbé dé ilé, ayò tí wọ́n bá jẹ kò ṣeé gbà padà.

Ọmọ tó ń darí àgbà

Balógun tíìmù kẹrin tiwa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Orúkọ mi ló ń pè lásán, láìsí bọ̀dá, láìsí bàbá, ó sì ń pariwo rẹ̀ gba orí pápá kọjá pé kí n sún sọ́tùn-ún. Ó kọ́kọ́ gún mi lára, mi ò ní purọ́. Nílé wa, ẹni tó bá jù ọ́ lọ lọ́dún méjì péré, o ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Àmọ́ ọmọ yẹn ti ń gbá eré yìí láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Nídìí ohun tó mọ̀, èmi ni àbúrò. Ẹ fi í sọ́kàn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má ṣe dé bá yín lójijì níwájú èèyàn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àpọ́njù ìwà ọmọlúàbí wa lè kó bá yín. Tí ẹ bá ń sáré ayò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà, Yes, No àti Wait, kíkígbe ni wọ́n sì ń kígbe wọn. Tí bọ́ọ̀lù bá lọ síwájú, ẹni tó lù ú ló ń sọ ọ́. Tó bá lọ sẹ́yìn, ẹni tó wà lórí kejì ló ń rí i dáadáa, òun ni kó sọ ọ́. Lọ́jọ́ tèmi, àgbàlagbà kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún la jọ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó lù lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sáré bọ̀, mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ jágbe mọ́ ẹni tó tó bàbá mi? Mo rọra nawọ́, mo sì ń fẹnu jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó ti dé àárín ọ̀nà. Wọ́n wó òpó rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó ní tó bá di ìgbà míì kí n bú òun, á sàn ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó bá kàn yín

Ẹ má ra bàátì. Ẹ yá ti ẹgbẹ́. Bàátì tuntun tí wọ́n fi igi willow ṣe ò ṣeé lò lọ́jọ́ tí ẹ rà á: ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ òróró, wọ́n sì máa ń fi òòlù igi lù wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n má bàa là. Pádì, ìbọ̀wọ́ àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà wà nínú báàgì ẹgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin gbọdọ̀ fi owó ara rẹ̀ rà ni box, ike líle tí wọ́n ń fi sínú pátá láti dáàbò bo ojú abẹ́. Èyí tó wà nínú báàgì, ẹ ò mọ iye ẹni tó ti lò ó.

Ẹ tètè múra. Ìdè pádì ń wà ní ìhà ìta ẹsẹ̀, kì í wà ní àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ti sọ bí mo ṣe mọ ìyẹn. Òfin ní láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹnì kan bá jáde, ẹni tó kàn ti gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, níbi Ife Àgbáyé tó wáyé ní Íńdíà, tí tiwọn jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré, Angelo Mathews ti Sri Lanka dé ojú pápá ní Delhi ló bá rí i pé okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì òun ti já. Bó ṣe ń dúró de òmíràn, àwọn ará Bangladesh ké sí adájọ́, wọ́n sì lé e jáde láì tíì kojú bọ́ọ̀lù kan. Nínú ìdíje àárín orílẹ̀-èdè àwọn ọkùnrin, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ fa okùn tiyín wò nígbà tí ẹ ṣì wà lórí àga.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè middle lọ́wọ́ adájọ́. Á fi ọwọ́ sọ fún yín ibi tí bàátì yín ti bo òpó àárín, kẹ́ ẹ fàlà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo iṣẹ́ yín ò ju kẹ́ ẹ gbé bàátì sọ̀kalẹ̀ ní tààrà, bí ẹni tó ń gún iyán, kẹ́ ẹ má fì í bí ẹni tó ń fi àdá ṣán oko. Èyí tí kò bá kọjú sí òpó, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí ẹ bá sì ń sáré, ẹ na bàátì síwájú, kẹ́ ẹ fi wọ́ ilẹ̀ kọjá ìlà funfun: bàátì tó bá kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà ti gbà yín là, bí ara yín tilẹ̀ kù lẹ́yìn.

Òkúta mẹ́fà nínú àpò

Nínú àwọn tíìmù kékeré, kò sí adájọ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Àwọn tó ń dúró kó kan wọn láti lù ló ń ṣe é, wọ́n sì lè sọ aṣọ funfun adájọ́ sí yín lọ́rùn. Ẹ má kọ́kọ́ gbà á. Ẹ ní ẹ ó lọ jókòó ti ẹni tó ń kọ ìwé ayò. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, ìjókòó yẹn ló kọ́ mi jù, nítorí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lẹ gbọ́dọ̀ kọ, ẹ ò sì lè kọ ohun tí kò yé yín. Tó bá jẹ́ òfo, ẹ fi àmì tótó kan sí i. Adájọ́ tó bá ju ọwọ́ kan síwá sẹ́yìn níwájú àyà ń sọ pé 4. Tó bá na ọwọ́ méjèèjì sókè, 6 ni. Tó bá na méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù náà ti jìnnà jù sí alubọ́ọ̀lù, ayò kan sì ni fún wọn. Ọ̀kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́, ajubọ́ọ̀lù ti rú òfin. Ìka kan sókè, ẹnì kan ń lọ sílé nìyẹn. Ẹ̀yin náà á nawọ́ kó lè mọ̀ pé ẹ rí i, kò sì ní tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá di ìgbà tí ẹ̀yin náà ṣe adájọ́, kíka bọ́ọ̀lù ló máa ń da ẹni tuntun láàmú. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ń kó sápò, wọ́n á máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àpò kan bọ́ sí ìkejì. Ọmọ ayò ni èmi ń lò, láti inú ọpọ́n tí mo kó wá láti ilé. Kò tíì sí ẹni tó béèrè ohun tó jẹ́.

Aṣọ, owó, oúnjẹ

Funfun ni aṣọ, òkè àti ìsàlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé funfun ló bo èmi ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ kì í san owó ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kìíní, owó ọjọ́ eré nìkan, tí kì í pọ̀; ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wá dí àyè. Láàárín eré, ìsinmi tíì wà: búrẹ́dì tí wọ́n há nǹkan sí láàárín, kéèkì, tíì gbígbóná. Ní ẹgbẹ́ míì, oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ wá báyìí, nítorí náà ẹ béèrè. Mo gbé àkàrà lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, ó ti di dandan.

Ẹ̀yin tó wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ má rò pé ti àlejò nìkan ni eré yìí. Ọdún 1904 ni Èkó ti gbá a pẹ̀lú Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, pápá kírikẹ́ẹ̀tì sì wà ní Tafawa Balewa Square ní Oníkan títí di òní, níbi kan náà tí àwọn Ẹ̀yọ̀ ti ń yan nínú funfun tiwọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ní Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ogún ọdún na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé. Òjò ti gé ọjọ́ náà kúrú sí ófà 13. Ayò 65 ni tiwa, ayò 63 ni tiwọn. Nínú ófà ìkẹyìn, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wá. Lillian Udeh ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà, mẹ́fà péré ló fún wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún balógun wa, ó ní òun ti rí i, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jù ú.

Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní

Ọjọ́ Tọ́sìdé tàbí ọjọ́ Ajé, wọ́n á béèrè bóyá ẹ ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdáhùn tí a mọ̀ ọ́n fún, pé tí Ọlọ́run bá fẹ́, ká ṣì máa wò ó ná, á da balógun láàmú ju bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ẹ sọ ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ti Sunday ni wọ́n pè yín sí, ẹ rántí pé aago kan ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ìgbà tí pásítọ̀ yín máa ń parí. Sátidé ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń gbá eré yìí, ìgbà yẹn náà ni gbogbo ayẹyẹ wa ń bọ́ sí. Ẹ kó ọjọ́ gbogbo aṣọ ẹbí tí ẹ ti sanwó rẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí balógun ní oṣù Kẹrin, kó lè wá ẹni kọkànlá míì kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.